Ǹjẹ́ Wíwú Lè Tún Sísúnkì Ṣe?

Oje tí oníṣègùn fi ń dí ihò eyín a máa le láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí iná aláwọ̀ búlúù bá tàn sí i, ṣùgbọ́n bí ó ti ń le ni ó ń súnkì, èyíinì ni pé ó ń dín ní nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú 100, tí ó sì ń fa ara rẹ̀ kúrò lára eyín. Lẹ́yìn náà, omi itọ́ a wọ inú oje náà díẹ̀díẹ̀, oje náà a sì wú. Ǹjẹ́ àtúnṣe nìyí? Rárá o: àlàfo lè dín kù, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti já kì í tún lẹ̀ mọ́ra, omi náà sì ń dín agbára oje ọ̀hún kù.