Ẹnu Ẹni La Fi Ń Kọ "Mi Ò Jẹ"

Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa ní Abẹ́òkúta, èmi gan-an ni mo kọ òfin. Mo mú bébà, mo to orúkọ oúnjẹ sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ata, ẹyin, ọsàn, ẹ̀pà, mílíìkì. Ọmọ náà ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà yẹn, ó ń ké láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Lọ́jọ́ kan, a rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní ẹ̀wà tí ìyá ọmọ ń jẹ ló fà á. Ìyá ìyàwó mi ní ata ni. Aládùúgbò ní ọsàn ni. Ẹni tó bá ti wọlé, tirẹ̀ ló ń fi kún un, èmi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan mo jí, mi ò bá ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Kíṣìnì ni mo ti rí i. Kò tan iná. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín tútù. Bó ṣe rí mi, ó fi ọwọ́ bo abọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ebi ló ń pa mí."

Ẹ wò ó, obìnrin tó ń fi ara rẹ̀ bọ́ ọmọ, òun ló ń jalè oúnjẹ nínú ilé ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi: ta ló ni ẹnu abiyamọ?

Àwọn kan á ní ìbéèrè wo nìyẹn. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Bí ìyá bá lè fi oorun sílẹ̀ nítorí ọmọ, kí ni ẹ̀wà jẹ́? Mi ò bá wọn jiyàn. Ìyàwó mi gan-an ò bá wọn jiyàn. Ká ní a sọ fún un pé iyọ̀ ni, ì bá fi iyọ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó ti ṣetán láti fi ohun gbogbo sílẹ̀, ó yẹ ká rò ó dáadáa ká tó sọ fún un pé kó fi nǹkan sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló là wá lóye. Ó ní afẹ́fẹ́ tí ẹ̀wà ń kó sí ìyá níkùn kì í bọ́ sínú omi ọmú. Ó ní ẹkún ọmọ tuntun sábà máa ń le sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó tó rọlẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Èròjà purotéènì inú mílíìkì màlúù tí ìyá mu máa ń dé inú omi ọmú díẹ̀díẹ̀, ara àwọn ọmọ kan ò sì gbà á. Ó ní kí ìyàwó mi fi mílíìkì màlúù nìkan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin: ti inú tíì, bọ́tà, wàrà, bísíkíìtì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi mílíìkì sí. Kó máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Bí ara ọmọ bá balẹ̀, kó tún mu ún wò. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá padà, mílíìkì ò jẹ̀bi nìyẹn, kó máa mu ún lọ.

Ẹ fi òfin yẹn wé tèmi. Tirẹ̀ ní ìdí, ó ní ọjọ́ ìparí, ó sì ní ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ pé a ṣì í. Ó tún bi wá léèrè ohun tí a ó fi dípò. Mílíìkì ò sí nínú láfún àti ewédú. Ẹyin padà sínú abọ́, ẹ̀wà padà. Èmi fúnra mi lọ sí ọjà Kútọ̀, mo ra ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ tegungun-tegungun, torí egungun ìyá náà nílò ohun tí mílíìkì ń fún un.

Kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn obìnrin ìlú yìí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà kan ní 1949. Òfin tí wọ́n gbé lé obìnrin lórí láì bi í, àwọn ìyá wa ò gbà á láàfin. Kí ló dé tí àwa fi gbé e wọ kíṣìnì?

Mi ò sọ pé ìkà ni ìyá mi o. Ìkìlọ̀ ni ọ̀nà tí ìfẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ náà, nígbà tí òun ń tọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí kò ná ẹni tó ń ṣe é ní nǹkan kan, ó rọrùn láti sọ. Èmi tí mo kọ oúnjẹ méje sí bébà, mo ṣì ń da mílíìkì sínú ẹ̀kọ mímu tèmi láràárọ̀, lójú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé ìyẹn lè wo ọmọ sàn. Ojú ló ń tì mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi mu tíì oní-mílíìkì, ẹ̀jẹ̀ padà. Ó wá yé wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, òun náà sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sọ pé agbára òun ò gbé e, tí dókítà wá yan oúnjẹ inú agolo tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè mu, ìyá ọmọ náà ni yóò ṣì jẹ́.

Ní ọjọ́ kan, àlejò gbé áisikiriìmù fún un. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo pa á dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, mi ò jẹ." Ẹnu tirẹ̀ ló fi kọ ọ́. Kò sí bébà kankan lára fíríìjì mọ́.