Bí A Bá Gé Igi Apá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ọmọnìyàn ni a sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún, pé kí ó má ṣe yọ̀ sí ìyà ẹlòmíràn. Igi náà ńkọ́? Ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó mú àáké dání?

Ẹ jẹ́ kí á fi apá ṣe àpẹẹrẹ. Lójú àwọn onímọ̀ ewéko, ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀wà. Afzelia ni wọ́n sọ ọ́ ní 1798, láti fi rántí Adam Afzelius, ará Sweden tí ó ṣiṣẹ́ ní Sierra Leone. Èèpo èso rẹ̀ le bí pákó. Bí ó bá là, kóró dúdú dídán a yọ, pẹ̀lú fìlà pupa rúsúrúsú ní ìdí. Ẹyẹ a jẹ fìlà náà, a sì gbé kóró jìnnà sí ìyá rẹ̀. Igi yìí kì í yára dàgbà.

Nígbà kan, ẹ̀rù ni ó ń ṣọ́ ọ, nítorí a gbà pé àjẹ́ ń pàdé lórí rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ti dín kù. Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí gẹdú ti ń gba orí ọ̀sà kọjá Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú lọ sí Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Àgbówà, láàárín ìlú méjèèjì, ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti kó àwọn alágẹdú Oko Bàbá lọ. Òfin wá gba ipò ẹ̀rù: ní 2022, ìpàdé CITES ní Panama pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ta gẹdú apá ilẹ̀ Áfíríkà sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹnu ibodè ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó gé apá fún ilẹ̀kùn tí a óò lò ní Ìkòròdú kò rú u. Kò sì yẹ kí á bú u. Ó ní ọmọ láti bọ́, àwa náà sì ń ra ilẹ̀kùn.

Òwe nìkan ni ó wá kù. Bí igi kò bá tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ọmọ tí a kò tíì bí ní. Ọmọ náà kò lè bá wa rojọ́, kò sì lè dẹ́rù bà wá. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn rẹ̀ fi jẹ́ ìdánwò fún ìwà wa. Ẹni tí ó gé ọ̀kan tí kò gbin òmíràn jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò san án.