Àṣírí Ọmọ, Ta Ló Ni Ín?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sílé, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó, kò dìde. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò BEPC. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má sọ ọ́ fún bàbá mi.” Mo ṣèlérí. Nígbà náà ni ó sọ pé òun kì í rí oorun sùn mọ́, pé òun kò sì rí ìdí tí òun fi wà láyé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè: bí ọmọ bá fi àṣírí ọkàn rẹ̀ lé àgbà kan lọ́wọ́, ta ló ni àṣírí náà?

Àwọn àgbà wa ní agbègbè Atakpamé yóò tètè dáhùn. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí ọmọ bá jẹ́ ti gbogbo agbo ilé, ìṣòro rẹ̀ pàápàá jẹ́ tiwọn. Ọgbọ́n ńlá wà nínú èyí. Ní ọdún 1954, ní Aró lẹ́bàá Abẹ́òkúta, dókítà Adéoyè Lambo gbé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ka irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: àwọn aláìsàn ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn.

Ṣùgbọ́n agbo ilé kan náà ló ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ìwà ọmọlúàbí ni a fẹ́ fi òwe yìí kọ́ni. Síbẹ̀, ọmọ tí ìtìjú ti bò mọ́lẹ̀ lè gbà á gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́ gan-an. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń bi í léèrè èsì ìdánwò, igba ojú tó yẹ kó máa wò ó ti ń dójú tì í nìyẹn. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá ni ẹnì kan ṣoṣo tí yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, ní Mbare, ní ìlú Harare ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ìyá àgbà 14. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹnì kan, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń bá a wá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n pe bẹ́ǹṣì náà ní ti àìsàn ọpọlọ, àwọn ènìyàn sá fún un; àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ní kí a yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ara tu àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ará àdúgbò ni àwọn ìyá wọ̀nyí. Agbo ilé náà ló ń gbọ́, láti ẹnu ẹnì kan, pẹ̀lú ẹnu tó pamọ́.

Ní tiwa, Zébé ní Aného, létí òkun, ni ilé ìwòsàn ọpọlọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà. Ó jìnnà sí ọmọ abúlé Atakpamé. Kí ó tó dé ibẹ̀, olùkọ́, ìyá àgbà tàbí àbúrò bàbá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ìdáhùn tèmi ni pé ọmọ ló ni àṣírí rẹ̀. A kàn fi pamọ́ sí àgbà lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ̀mí náà ni kí a kọ́kọ́ dáàbò bò. Àṣìṣe mi ni pé mo ṣèlérí kí n tó gbọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún un pé: “N ó pa á mọ́, àfi bí ẹ̀mí rẹ bá wà nínú rẹ̀.”

Mo padà lọ bá a, mo sì jẹ́wọ́ èyí fún un. Mo bi í léèrè ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí nílé. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀ àgbà. Àwa méjèèjì ni a jọ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ̀rọ̀.