Ìbò Kékeré àti Ẹ̀rí Ọkàn

Bí ìbò ẹnì kan kò bá pọ̀, ṣé ìyẹn fi hàn pé ohun tó ń jà fún kò tọ́? Ìbéèrè yìí ló wà nídìí iṣẹ́ gbogbo obìnrin tó bá ń darí ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré, kò sì sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ tú u palẹ̀ bíi Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti (1900–1978).

Òun ló ṣáájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tó kọ̀ láti máa san owó orí nígbà tí wọn kò lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìjà náà le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Síbẹ̀, nígbà ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1959, ẹgbẹ́ NCNC tó ti ń sìn fi tíkẹ́ẹ̀tì dù ú. Ó dá dúró díje, ìbò pín, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) wọlé, NCNC sì lé e. Ó wá dá Commoners' People's Party sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ tó fi túká.

A lè dá a lẹ́bi pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún alátakò. Ẹ̀bi náà kì í ṣe kékeré, nítorí ẹni tí kò wọlé kò lè tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi tíkẹ́ẹ̀tì dù ú ló kọ́kọ́ da ilé rú. Ọmọlúàbí kì í fi ohun tó mọ̀ pé ó tọ́ ra ipò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: ní gúúsù Èkìtì, inú ẹgbẹ́ ńlá ni àwọn obìnrin gbà dé òkè. Monisade Afuye, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, di igbákejì gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Olúbùnmi Adelugba, aṣojú Ẹmùrẹ́, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì. Ọmọ ẹgbẹ́ APC ni àwọn méjèèjì. Ọ̀nà yẹn dára fún ẹni tí ẹgbẹ́ bá gbà.

Ẹni tí ẹgbẹ́ kò gbà ńkọ́? Òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè mọ́ láti dá dúró díje bí Ransome-Kuti ti ṣe. Ẹgbẹ́ kékeré nìkan ló kù. Ní ọdún 2015, Rẹ̀mí Sonaiya gba ibẹ̀, ó díje fún ipò ààrẹ lábẹ́ KOWA, òun nìkan ni obìnrin láàárín olùdíje 14, ìbò 13,076 ló rí. Ní ọdún 2020, àjọ elétò ìdìbò, INEC, fagi lé ẹgbẹ́ 74, KOWA wà lára wọn. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin tún òfin tí kò jẹ́ kí èèyàn dá dúró díje ṣe, kí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ ńlá lọ lè rí ibi dúró.