Ta Ni Ó Ni Ìmọ̀ Nípa Mi?

Àwọn baba wa a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi òwe yìí rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ìbẹ̀rù lásán ni ó bí i. Lójú tèmi, ìbéèrè ńlá ni ó wà nínú rẹ̀: bí ẹnìkan bá ka ohun tí ó jẹ́ tèmi, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ó ni àkọsílẹ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí á wo Mowe, níbi tí mo ń gbé, lẹ́bàá òpópónà tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Nínú ọjà ibẹ̀, alájọ a máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì olójú 31. Bí oṣù bá parí, yóò mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dá ìyókù padà fún olówó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà, ó sì mọ ẹni tí ó ń dá àjọ nítorí owó ilé-ìwé ọmọ. Bí ó bá ń sọ ọ́ kiri, ta ni yóò tún dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀? Bí ó ti ń pa owó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ẹnu mọ́.

Ní ayé òde òní, àwọn ayánilówó orí fóònù ti dé. Wọn kì í béèrè onídùúró. Àyè láti wo inú fóònù ẹni ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè. Kọ̀ǹpútà wọn a fi ohun tí ó rí níbẹ̀ wé ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, a sì sọ ẹni tí ó lè san gbèsè. N kò bú ọgbọ́n yìí. Aláta tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ tí yóò fi dúró lè rí owó yá báyìí. Oníṣòwò tí kò sì ka ọjà rẹ̀, inú òkùnkùn ni ó ti ń tà.

Ṣùgbọ́n bí gbèsè bá pẹ́, àwọn kan nínú wọn a kọ̀wé ránṣẹ́ sí àna onígbèsè àti ọ̀gá rẹ̀ láti dójú tì í. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Lending lórí nítorí irú ìtúṣìírí bẹ́ẹ̀. Ní 2023, òfin tuntun jáde pé ìdí tí a torí rẹ̀ gba àkọsílẹ̀ ẹni ni kí á fi í lò fún.

Ẹlòmíràn yóò ní: “Ṣebí onígbèsè fúnra rẹ̀ ni ó tẹ fóònù pé òun gbà?” Ó dára. Àna rẹ̀ ńkọ́? Ta ni ó bi í léèrè kí wọ́n tó ka nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ ọn? Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n kà yẹn.

Ẹ tún wo Ifá. Odù rẹ̀ jẹ́ 256, ẹsẹ inú wọn kò sì lóǹkà. Síbẹ̀, ẹni tí ó wá dífá kì í kọ́kọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo; owó ni ó ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. N kò wí pé kí kọ̀ǹpútà di ọ̀pẹ̀lẹ̀ o. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìmọ̀ lè pọ̀ rẹpẹtẹ láìtú ènìyàn sí ìhòòhò.

Èrò tèmi ni pé olóhun ni ó ni àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, lọ́la ẹ̀yin ni yóò máa kọ orúkọ wa sílẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá lè kà sí wa létí, ẹ má ṣe kọ ọ́ nípa wa.