Ta Ni Yóò Dáhùn fún Aláàbọ̀ Ara?

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ láti gba ìrìbọmi, ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ìbéèrè kan tí ó rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti dáhùn nínú ilé. Nígbà tí afọ́jú, adití tàbí arọ bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, tàbí nígbà tí ikú bá mú ẹni rẹ̀ lọ, kí ni iṣẹ́ ẹni tí ń gbà á ní ìmọ̀ràn? Ṣé kí ó pinnu fún un ni, àbí kí ó dúró tì í títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi rí ọ̀rọ̀ sọ?

Ìwé Mímọ́ fi ìdílé kan hàn wá níbi tí àìlera ara, ìgbéyàwó àti ọ̀fọ̀ ti pàdé: ìdílé Tóbítì ní Nínéfè. Olóòótọ́ ènìyàn ni, a máa sin òkú àwọn ará rẹ̀ tí a pa. Ìgbẹ́ ẹyẹ bọ́ sí i lójú, ojú náà sì fọ́. Láti ìgbà náà, Ánà aya rẹ̀ ni ó ń hun aṣọ gba owó kí wọn lè jẹun. Ní ọjọ́ kan, àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ fi ọmọ ewúrẹ́ kan kún owó rẹ̀. Tóbítì gbọ́ igbe ẹran nínú ilé, kò rí i. Ó ní jíjí ni aya òun jí i, kí ó dá a padà. Ánà náà bínú, ó sì bi í pé níbo ni gbogbo ìtọrẹ àánú rẹ̀ dà. Lẹ́yìn ìjà yìí ni Tóbítì bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìfọ́jú nìkan ni ó mú un dé ibẹ̀. Ìtìjú ọkùnrin tí aya rẹ̀ ń bọ́ wà níbẹ̀, àti ìfura ẹni tí kò lè fi ojú ara rẹ̀ wádìí ohun tí ó wọ ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ bá irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀, tí kò ní ọ̀rọ̀ kan ju “ẹ ní sùúrù, àmúwá Ọlọ́run ni”, kò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́: ta ni ń mú owó wá, ta ni ń kà á, báwo ni a ṣe ń jẹ́ kí ẹni tí kò ríran mọ̀ pé nǹkan tuntun dé? Afọ́jú yìí kan náà ni ó sì gba ọmọ rẹ̀ Tóbíà ní ìmọ̀ràn nípa ìgbéyàwó, tí ó ní kí ó máa bi gbogbo ọlọ́gbọ́n léèrè. Aláàbọ̀ ara kì í ṣe ẹni tí a ń gbà ní ìmọ̀ràn nìkan.

Lọ́dọ̀ wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ìdílé méjì ni ń fẹ́ ara wọn, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin bá jẹ́ arọ tàbí adití, ìdílé a máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn kan á ní kò lè ṣe ìyàwó ilé. Àwọn mìíràn á fi í fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n ń pe méjèèjì ní inú rere. Èmi kò rí inú rere níbẹ̀. Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 sọ ní òfin 1057 pé “mo gbà” ti ọkọ àti ìyàwó fúnra wọn ni ó ń so ìgbéyàwó, kò sì sí agbára ènìyàn kan tí ó lè gbà dípò wọn. Òfin 1104 fi kún un pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lè fi àmì tí ó ní ìtumọ̀ kan náà gbà. Òfin 1106 sì fi ààyè sílẹ̀ fún ògbufọ̀, bí àlùfáà bá ti rí i dájú pé olóòótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún yín: ní ọjọ́ ìrìbọmi, bàbá tàbí ìyá ìrìbọmi yín yóò dúró tì yín, ṣùgbọ́n kò ní dáhùn fún yín.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Òfin 1095 sọ pé ẹni tí kò ní làákàyè tó kò lè ṣe ìgbéyàwó. Lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a ti ń fi sùúrù wádìí èyí. A kì í rò ó mọ́ ẹni tí etí rẹ̀ di tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Olùgbaninímọ̀ràn rere sì lè sọ pé kí àwọn méjì má tíì fẹ́ ara wọn. Ojú wọn ni kí ó ti sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn wọn.

Nínú ọ̀fọ̀ ni ìṣòro pọ̀ jù. Ọmọ ìyá afọ́jú kú ní Kùtọnu, a ní ó rin ìrìn-àjò. Adití jókòó láàrin àwọn tí ń sunkún, kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ṣàlàyé ẹni tí ó kú fún un. A rò pé à ń gbà á lọ́wọ́ ìbànújẹ́. Ìdágbére ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà fi ọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ kí a tó ti pósí. Ẹ dárúkọ àwọn tí ó wá kí i fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú un dé ibojì. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í ní ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ tí ọkọ náà kú, ó pàdánù ọkọ, ó sì pàdánù ọwọ́ tí ń mú un lọ sí ọjà àti sí Mísà. A lè gbàdúrà fún un títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ta ni yóò mú un wá ní ọjọ́ Ìsinmi? Òun fúnra rẹ̀ ni kí a bi. Ní Jẹ́ríkò, gbogbo ènìyàn rí i pé afọ́jú ni Bátíméù, síbẹ̀ Jésù bi í ní ohun tí ó fẹ́.

Kí ẹ tó wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ ka orí kejì títí dé orí kẹrin ìwé Tóbítì, bí ó bá ṣeé ṣe pẹ̀lú aláàbọ̀ ara kan ní àdúgbò yín. Ẹ bi í ní ohun tí òun ìbá sọ fún Tóbítì àti Ánà lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà, kí ẹ sì mú èsì rẹ̀ wá.