Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Là Ń Bẹ̀rù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìyá mi bá rán mi lọ ra epo pupa, kì í kọ́kọ́ wo epo tí mo rà bọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò tẹ́ síwájú mi, èmi yóò sì máa ka ṣéńjì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò gbé ìgò epo sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, yóò wá béèrè pé, "Kí ni ìyá elépo ní kí o sọ fún mi?" Ohun mẹ́ta ni ọmọ tí a rán níṣẹ́ ń mú bọ̀ wálé: ọjà, ṣéńjì àti èsì. Bí ọ̀kan bá dín níbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Lọ́jọ́ kan, ṣéńjì dín. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò ló sọ pé kí n fún òun níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ìyá mi kò nà mí. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló rán ọ níṣẹ́, èmi àbí òun?" Ó wá fi òwe dé e: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Òwe yìí ni mo fi ń wọn iṣẹ́ aṣòfin títí dòní, pàápàá aṣòfin tí kò di ipò kankan mú nínú ilé aṣòfin. Kì í ṣe olórí ilé, kì í ṣe igbákejì, a kò sì fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù tàbí olórí ẹgbẹ́ tó kéré. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Ohun kan ṣoṣo tó gbé e débẹ̀ ni àwọn tó dìbò fún un. Bí ó bá wá láti Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, a jẹ́ pé ará Ṣáṣá wà lára àwọn tó rán an níṣẹ́: ìyá aláta ọjà Ṣáṣá, onímọ́tò tó ń ké "Ẹ̀gbẹ́dá! Ẹ̀gbẹ́dá!", bàbá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì sí òpópónà kan tí kò ní gọ́tà.

Iṣẹ́ náà sì wúwo. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà nínú ìwé òfin fún Ìpínlẹ̀ Èkó, aṣòfin méjì méjì ni wọ́n sì ní, ìyẹn ló fi jẹ́ 40 ní ilé aṣòfin Èkó ní Aláùsá. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ní ènìyàn 1,277,714. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ní 117,481. Aṣòfin méjì ni ti ibí, aṣòfin méjì ni ti ọ̀hún. Ní Àbújá ẹ̀wẹ̀, níbi tí aṣojú-ṣòfin 360 ti ń jókòó, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ní. Ẹni tó bá ń ru ohùn ènìyàn tó pọ̀ tó báyìí, kò yẹ kó sùn lórí àga.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Kó wá sí Ṣáṣá lẹ́yìn òjò ńlá, kó má fi jíìpù wá. Yóò rí táyà iwájú kẹ̀kẹ́ Máruwá tó wọ inú kòtò tán, tí awakọ̀ ká ẹsẹ̀ sókè kí omi má baà kàn án. Yóò rí obìnrin tó ń fi abọ́ gbọ́n omi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó dí gọ́tà sì tún ń dá omi náà padà wọlé bá a. Kó dúró tì í. Kó béèrè ìgbà tí wọ́n kó gọ́tà yẹn gbẹ̀yìn, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn aṣòfin Èkó máa ń pe àwọn ará àdúgbò wọn sí ìpàdé ìfikùnlukùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbọ́n omi yìí kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn.

Bí ó bá dé Aláùsá, yóò dìde, yóò mú àbá wá síwájú ilé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí, wọ́n á ya fọ́tò, ilé á sì ṣe ìpinnu pé kí Gómìnà jọ̀wọ́ ṣe ọ̀nà náà. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfin. Ẹ̀bẹ̀ ni, a sì lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ká má dáhùn. Ọ̀nà tí kò bá sí nínú ètò ìṣúná, orí ahọ́n ló wà. Nítorí náà, aṣòfin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wá ojú ìlà tí owó ọ̀nà náà wà kó tó dìde, á sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá jókòó.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Gómìnà Sanwo-Olu gbé ètò ìṣúná tó lé díẹ̀ ní tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà wá síwájú ilé fún ọdún 2025. Nígbà tí yóò fi buwọ́ lù ú ní Oṣù Kìíní, ó ti di ₦3.366 tírílíọ̀nù. Inú ilé aṣòfin ni owó náà ti gbèrú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àròpọ̀ ni ìwé ìròyìn ń gbé jáde. Inú àwọn ìlà kéékèèké ni Ṣáṣá wà, bí ó bá wà níbẹ̀ rárá. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ní àǹfààní láti ka ìwé náà lójúewé kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí oyè tí yóò gba àkókò rẹ̀.

Òfin sì fún un ní agbára tó tó. Abala 128 nínú ìwé òfin ọdún 1999 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣe ìwádìí kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfiṣòfò nínú owó tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí. Abala 125 ní kí olùyẹ̀wé-owó àgbà fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé owó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ kan sì jókòó tì í. Ìbéèrè ibẹ̀ kò le: Èló la yà sọ́tọ̀? Èló ló jáde? Kọngílá wo ló gbà á? Ibo ni iṣẹ́ dé? Ta ló lọ wò ó?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ká mi lára jù. Mo ti dúró rí níwájú ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Ọ̀dà pátákó rẹ̀ ṣì tuntun, orúkọ àti àwòrán ẹni tó gbé e wá ń dán lára rẹ̀. Mo yí ẹnu ẹ̀rọ. Ìpẹtà ló ya lé mi lọ́wọ́, omi kò jáde. Lẹ́yìn mi, àwọn mẹ́ruwà ń ti ọmọlanke kọjá, kẹ́ẹ̀gì wọn kún dẹ́múdẹ́mú, obìnrin méjì sì ń ná omi lọ́wọ́ wọn. Nínú ìwé, iṣẹ́ yẹn ti parí. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fúnra rẹ̀ sọ pé tírílíọ̀nù kan náírà ti wọlé sínú irú iṣẹ́ àdúgbò báyìí láàárín ọdún mẹ́wàá, tí ohun tí aráàlú rí níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Aṣòfin tó bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ kan ti ṣe ju ẹni tó sọ̀rọ̀ wákàtí kan lọ.

Kí a má rò pé bíbéèrè gbọ́dọ̀ di ìjà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lọ́dún 1923, nígbà tí Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Egerton-Shyngle, Eric Moore àti Adeniyi-Jones ló wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ Herbert Macaulay. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ jù wọ́n lọ níbẹ̀, wọn kò lè fi ìbò borí. Ìbéèrè àti àríwísí nìkan ló kù sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní ìbò ṣì ní ẹnu, bí ẹnu náà bá mọ́.

Ó gbọ́dọ̀ mọ́ lóòótọ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2007, àwọn aṣojú-ṣòfin kan ní Àbújá gbìyànjú rẹ̀: wọ́n bi olórí wọn, Patricia Etteh, léèrè nípa owó àtúnṣe ilé ìgbé rẹ̀, títí tó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Farouk Lawan ló ṣíwájú wọn. Òun kan náà ni wọ́n fi ṣe olórí ìwádìí owó ìrànwọ́ epo ní 2012. Ní 2021, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó gba $500,000 lọ́wọ́ oníṣòwò epo tó yẹ kó wádìí, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní 2024. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ó dùn mí nítorí iṣẹ́ ìwádìí náà fúnra rẹ̀ wúlò. Ọwọ́ tó gbé e ló ba á jẹ́.

Ṣùgbọ́n òwe ẹnu tó jẹ yẹn kò yọ àwa náà sílẹ̀. Bí a bá tò síwájú ilé aṣòfin wa nítorí ìrẹsì, ẹ̀rọ ìránṣọ àti owó ilé ìwé, a ti kọ́ ọ pé bó bá ṣe pín nǹkan tó ni a ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Àpò ìjọba kò sí lọ́wọ́ aṣòfin. Ọ̀nà tó bá sì fi rí ìrẹsì yẹn rà, ó yẹ kó kọ wá lóminú. Ẹni tó bá gba ìrẹsì lọ́wọ́ ọmọ tó rán níṣẹ́, báwo ni yóò ṣe béèrè ṣéńjì?

Ní Ọjọ́bọ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń jókòó ní ilé aṣòfin Èkó. Inú mi dùn sí i, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ìyá aláta kò lè gbọ́ níbẹ̀ mọ́. Kí aṣòfin wa ṣe bẹ́ẹ̀ náà nígbà tó bá padà wá sí Ṣáṣá. Kó má mú báńdù àti aṣọ ẹbí wá. Kó mú ìwé kan ṣoṣo wá: ohun tí a ní kó béèrè rè é, ohun tí wọ́n dáhùn rè é, owó tó jáde rè é, èyí tí n kò tíì rí ìdí rẹ̀ rè é. Àwa náà, kí a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wa sílẹ̀ kó ka ṣéńjì sí i. Bí ó bá ní ẹ̀gbọ́n kan ló gba díẹ̀ níbẹ̀, ìbéèrè ìyá mi ni kí a bi í.